Ọ̀gá Tó Fi Wáyà Jẹ Oyè

Bí ẹ bá ní súwíìsì lẹ́bàá ilẹ̀kùn yàrá yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ dìde lọ tẹ̀ ẹ́. Ṣé iná tàn? Ẹ tún un tẹ̀. Ṣé ó kú? Ẹ padà wá jókòó, kí ẹ máa dúpẹ́, nítorí ọkùnrin kan wà tí kò rí irú oore bẹ́ẹ̀ nínú ilé tó kọ́ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fi dù ú. Òun fúnra rẹ̀ ló fi du ara rẹ̀, tó sì sọ̀rọ̀ gígùn lé e lórí.

Ọkùnrin náà ni Ọ̀gá Àgbà ní ọ́fíìsì tó ń yẹ ilé tuntun wò. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ́lé tó sì ti to wáyà sínú rẹ̀, ọ́fíìsì yìí ni yóò rán èèyàn wá láti wò ó bóyá iná náà kò ní jó onílé mọ́lé. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Àgbà kò fi ọwọ́ kan wáyà rí láyé rẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni ètò. Bí èèyàn méjì bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ju èkejì lọ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó kọjá. Bí wọ́n bá gbé omi wọlé, ife tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju ife ẹlòmíràn. Ó ti dá ìpàdé dúró rí nítorí pé àga akọ̀wé dún ju tirẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi sọ ọ́ ní Bàbá Ètò. Ó rò pé oríkì ni.

Akọ̀wé rẹ̀ náà ní ìnagijẹ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ni wọ́n ń pè é. Orí mímì ti mọ́ ọkùnrin yìí lára débi pé bó bá sùn lọ lórí àga, orí rẹ̀ á ṣì máa gbà fún ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ lójú àlá.

Ní àkókò tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ipò Alákòóso Pátápátá ṣófo. Ẹni tó bá débẹ̀ ni yóò máa pàṣẹ fún gbogbo ọ́fíìsì ìlú, àga rẹ̀ kì í sì í dún rárá. Ìyá Alága ni olórí ìgbìmọ̀ tí yóò yan ẹni náà. Àgbà obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, ó sì ti wí pé òun kò fẹ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ọwọ́ oníkálukú lòun ó fi ojú ara òun wò.

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi?" ni Bàbá Ètò wí, ojú rẹ̀ ń dán bí ìdí ìkòkò tuntun. "Ilé tí mò ń kọ́ ni kó wá wò! Ilé tí ètò wà nínú wáyà rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni akọ̀wé wí.

Báyìí ni wáyà ilé náà ṣe di ọ̀nà tí Bàbá Ètò fẹ́ gbà dé orí àga tí kì í dún.

Nígbà yẹn, ògiri ilé ti ga dé orí fèrèsé, wọn kò ì tíì rẹ́ ẹ, wọn kò sì tíì da dẹ́kìn tó máa di ilẹ̀ òkè. Àkókò yìí gan-an ló yẹ kí èèyàn ronú nípa wáyà, nítorí pé bí sìmẹ́ńtì bá ti bo páìpù mọ́lẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ ògbólógbòó òòlù. Oníwáyà dé, ṣọ́ọ̀kì funfun lẹ́yìn etí rẹ̀. Ọkùnrin aláwàdà kan ni, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà bí kò bá ti dé orí oúnjẹ.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Níbo lẹ fẹ́ kí súwíìsì pálọ̀ wà?"

"Níbo lo rò?"

"Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni, sà. Bí èèyàn bá ṣe ń wọlé, á kàn na ọwọ́, á tẹ̀ ẹ́."

"Èèyàn wo?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá ń wọlé, sà."

Bàbá Ètò wo akọ̀wé. Akọ̀wé wo ilẹ̀, ó sì mi orí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

"Ẹnikẹ́ni!" Bàbá Ètò gun orí òkìtì búlọ́ọ̀kù, ó fi ọwọ́ kan mú ṣòkòtò kí eruku má bà á jẹ́. "Ẹ gbọ́, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà níbí! Iná kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ẹni tó ń tan iná ló ń pinnu ẹni tí yóò ríran àti ohun tí yóò rí. Ṣé ohun tí a ó kàn fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn bíi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ nìyẹn? Rárá o! Gbogbo súwíìsì ilé yìí yóò wá sójú kan, nínú yàrá kan, lókè, níwájú èmi nìkan. Yàrá Àṣẹ ni yóò máa jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ iná, kí ó bèèrè!"

Bíríkìlà tó ń po yẹ̀pẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì dúró, ó fara ti ṣọ́bìrì rẹ̀. "Sà, tí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n èèyàn ńkọ́?"

"Kí ó bèèrè ṣáájú. Ètò ni."

"Ìgbẹ́ kì í mọ ètò o, sà."

"Nínú ilé tèmi, á mọ̀ ọ́n."

Oníwáyà fi ṣọ́ọ̀kì họ orí rẹ̀. Ó ṣírò gígùn wáyà tí yóò ti ìsàlẹ̀ gòkè, tí yóò tún ti òkè sọ̀kalẹ̀, fún gílóòbù kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́ la ẹnu. Ó rí ojú akọ̀wé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ilà sára ògiri.

Ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀. Bí ìwà ìgbéraga bá rí ibi dùbúlẹ̀ sí, á tún bèèrè ìrọ̀rí. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Ètò rí i pé Oníwáyà ti ki wáyà pálọ̀ àti wáyà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bọ inú páìpù kan náà. Ó figbe ta.

"Ṣé èmi àti ṣálángá ni ká jọ máa rìn lọ́nà kan náà?"

"Ọ̀gá, iná kì í rùn."

"Èmi ni mo mọ ohun tó ń rùn nílé mi. Wáyà kọ̀ọ̀kan, páìpù tirẹ̀! Wáyà ilé ìdáná kò sì gbọdọ̀ gba orí ibùsùn mi kọjá. Ọbẹ̀ kì í gba orí ọ̀gá."

Nítorí náà, wáyà ilé ìdáná gba ẹ̀yìnkùlé, ó yí ilé po, ó gba ẹ̀gbẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí, kí ó tó gòkè, bí ẹni tó ń yẹra fún àna. Nígbà tí wọ́n máa fi da dẹ́kìn, a kò rí irin mọ́, páìpù nìkan là ń rí. Bíríkìlà dúró tì í, ó ń wò ó láti òsì dé ọ̀tún.

"Oníwáyà, èyí kì í ṣe dẹ́kìn mọ́ o. Ìfun màlúù ni."

"Da sìmẹ́ńtì ẹ lé e lórí, kí ojú mi kúrò níbẹ̀," ni Oníwáyà dá a lóhùn.

Nígbà tó kan sọ́kẹ́ẹ̀tì, ọ̀gá tún ní ọ̀rọ̀. Ó kíyè sí i pé ẹni tó bá fẹ́ ki nǹkan bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ tẹríba níwájú ògiri. Ó ní òun kò tíì rí ògiri tí òun ó tẹríba fún nínú ilé ara òun. Wọ́n gbé gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ga ju orí èèyàn lọ. Bí àpẹẹrẹ, bí ẹ bá fẹ́ lọ aṣọ, ẹ ó gbé tábìlì ka orí tábìlì, ẹ̀yin náà ó sì gun àpótí. Bí ẹ bá fẹ́ fún fóònù níná, ẹ ó so ó rọ̀ lára ògiri bí àdán.

Ó ku ẹnì kan nínú ilé náà tó ní ohun tó fẹ́ bèèrè: ìyàwó Bàbá Ètò. Aránṣọ ni, òun ló rán ẹ̀wù àkọ́kọ́ tí ọkọ rẹ̀ wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, nígbà tí ọkọ náà ṣì ń kí èèyàn kí wọ́n tó kí i. Ó rọra wá bá a níbi tó ti ń gbọn eruku kúrò lára bàtà.

"Bàálé mi, ohun kan péré ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún. Yàrá kékeré ẹ̀yìn yẹn, tí mo ti fẹ́ máa ránṣọ. Ẹ jẹ́ kí súwíìsì rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ fèrèsé, níwọ̀n orúnkún. Wáyà máṣíìnì mi kò gùn."

"Níwọ̀n orúnkún? O fẹ́ kí n tẹríba?"

"Èmi ni n ó tẹríba, kì í ṣe ẹ̀yin. Aránṣọ tí kò bá tẹríba, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò rán mọ́ aṣọ."

Bíríkìlà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́.

"O ń fi mí ṣẹ̀sín níwájú àwọn òṣìṣẹ́! Ó dáa. Láti òní lọ, mo yọ yàrá náà kúrò nínú ètò! Kò ní ipò, kò sì ní súwíìsì nínú Yàrá Àṣẹ. N kò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun nípa yàrá yẹn mọ́ láyé mi!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni akọ̀wé wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò bá a sọ̀rọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ ṣé, bàálé mi."

Ọpẹ́ yẹn ìbá ba ọlọ́gbọ́n lẹ́rù. Bàbá Ètò kàn lọ wẹ ọwọ́ ni.

Nígbà tó ti lọ tán, ìyàwó náà yíjú sí Oníwáyà. "Ṣé o gbọ́ ohun tí ọ̀gá wí?"

"Mo gbọ́, Màmá. Ẹ pẹ̀lẹ́. Yàrá yín kò sí nínú ètò mọ́."

"Ṣé òfin ètò wá dé ibi tí kò sí nínú ètò?"

Oníwáyà ronú. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní igun ẹnu rẹ̀. "Kò débẹ̀, Màmá."

"Tóò. To wáyà ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń to ti ọmọ èèyàn."

"Bí ọ̀gá bá bèèrè ńkọ́?"

"Ọ̀gá ní òun kò fẹ́ gbọ́. Bí o bá lọ sọ fún un, àìgbọràn nìyẹn o."

Ni Oníwáyà bá fa wáyà lọ tààrà sí yàrá kékeré ẹ̀yìn. Ó fi súwíìsì sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sísàlẹ̀ fèrèsé, níwọ̀n orúnkún. Kò pẹ́ rárá tó fi ṣe é. Ìyẹn gan-an ló bà á nínú jẹ́, nítorí ó rán an létí bí iṣẹ́ náà ṣe rọrùn tó tẹ́lẹ̀.

Ilé parí, wọ́n kó wọ inú rẹ̀. Kí n wá sọ bí Yàrá Àṣẹ ṣe rí. Ògiri kan gbáko ló kún fún súwíìsì, ti iná, ti fáànù, ti agogo, ti sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ti ẹ̀rọ gbogbo, láti abẹ́ àjà dé ilẹ̀, a tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ipò yàrá. Bàbá Ètò ti kọ́kọ́ fi yàrá tirẹ̀ sókè pátápátá, ṣùgbọ́n akọ̀wé rán an létí pé pálọ̀ ni Ìyá Alága yóò jókòó sí. Ló bá gbé pálọ̀ borí yàrá tirẹ̀, ó sì ní kí gbogbo èèyàn kíyè sí ìrẹ̀lẹ̀ òun. Yàrá àlejò tẹ̀ lé e, ilé ìdáná wà láàárín, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, ibi tó jẹ́ pé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni ọ̀gá fi ń tẹ̀ ẹ́. Káfíńtà kan àkàsọ̀ fún un tí yóò máa fi dé ọ̀dọ̀ àwọn súwíìsì ńlá, wọ́n sì fi tìmùtìmù bo ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀. Oníwáyà fẹ́ kọ orúkọ yàrá sẹ́gbẹ̀ẹ́ súwíìsì kọ̀ọ̀kan.

"Kí lo fẹ́ ṣe yẹn?" ni Bàbá Ètò bi í. "Ṣé bàbá máa ń kọ orúkọ ọmọ sí i níwájú orí ni? Mo mọ ilé mi."

Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́, fún bí ọjọ́ mélòó kan. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀gá tó mọ bí a ṣe ń fúnni ní ipò kò lè ṣe kí ó má gbà á padà. Ọbẹ̀ níyọ̀ jù lọ́jọ́ kan, ó já ilé ìdáná walẹ̀ sí abẹ́ ibi ìfọṣọ. Ó fi ẹsẹ̀ kọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó já ọ̀dẹ̀dẹ̀ walẹ̀. Àlejò kan yin àwọ̀ ilé ìwẹ̀, wọ́n gbé ilé ìwẹ̀ ga. Ní gbogbo ìgbà tí yàrá bá ti pààrọ̀ ipò, wọ́n á ránṣẹ́ pe Oníwáyà pé kó wá tú wáyà, kí ó gbé súwíìsì láti ibì kan lọ síbòmíràn. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kíní, ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ rẹ̀ bó. Nígbà tó yá, bí wọ́n bá pè é, yóò wọ Yàrá Àṣẹ, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò jókòó sórí ìtẹ̀sẹ̀ àkàsọ̀ onítìmùtìmù, yóò máa jẹ ẹ̀pà, yóò sì máa fi òòlù kan ògiri ní kọ́-kọ́-kọ́ láàárín ẹ̀pà kan sí èkejì. Bó bá jẹ ẹ̀pà tán, á jáde.

"Ilé ìdáná ti sọ̀kalẹ̀, sà."

"Ṣé ó dùn ún?"

"Ó ń sunkún, sà."

Ẹ̀yin náà lè máa bi ara yín pé, báwo ni Bàbá Ètò kò ṣe mọ̀ pé súwíìsì tí òun ń tẹ̀ kọ́ ló ń tan yàrá tí òun rò? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ètò. Òkè ni ọ̀gá wà. Iná wà nísàlẹ̀. Kò lè rí i. Yóò tẹ̀ ẹ́, yóò wá kígbe láti òkè pé, "Ṣé ó tàn?" Gbogbo ilé yóò sì dáhùn láti inú òkùnkùn pé, "Ó tàn, sà!" Akọ̀wé ló kọ́ wọn. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kì í purọ́. Òun a kọ́kọ́ ṣá iná sí àbẹ́là, kí ó tó wá wí pé, "Ó tàn."

Ọjọ́ tí Ìyá Alága máa wá pé. Bàbá Ètò ló mú ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè níyì. Ó tún wí pé òun kò ní pàdé àlejò lẹ́nu ọ̀nà.

"Iná mi ló máa pàdé rẹ̀," ni ó wí fún akọ̀wé. "Ìwọ ni kí o máa mú un káàkiri. Bẹ́ ẹ bá ti ń súnmọ́ yàrá kan, pè mí sórí fóònù, kí o sọ orúkọ yàrá náà fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Èmi á tẹ̀ ẹ́ láti òkè. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wọ ibẹ̀, iná á ti tàn! Á rò pé ilé náà mọ òun. Ìgbà tó bá wá jókòó ní pálọ̀, èmi á sọ̀kalẹ̀ wá gba ipò mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọgbọ́n yín pọ̀ ju ilé lọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó so fóònù rẹ̀ rọ̀ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì òkè kí ó lè yó dáadáa, ó sì lọ sí Yàrá Àṣẹ lọ tẹ súwíìsì sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. "Ṣé ó ti wọlé?" ni ó kígbe. "Ó ti wọlé, sà!" ni wọ́n dáhùn. Ohun tó tẹ̀ ni súwíìsì ẹ̀rọ tó ń fa omi sínú táǹkì orí òrùlé. Fóònù rọ̀ sára ògiri láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ebi ń pa á. Bàbá Ètò yọ ọ́ pẹ̀lú okùn rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀, ó ki í bọ àpò, ó gun àkàsọ̀.

Ọkọ̀ Ìyá Alága dúró lẹ́nu ọ̀nà. Fóònù dún.

"Ọ̀gá, wọ́n ti dé! Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la wà, pálọ̀ ló—"

Fóònù ṣe tín-ín, ojú rẹ̀ sì dúdú.

Òógùn kan yọ lẹ́yìn ọrùn Bàbá Ètò, ó rọra wọ inú kọ́là ẹ̀wù tuntun. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tó fi wáyà jẹ oyè ni yóò gbàgbé oyè tó fi wọ́n jẹ? Ó tẹ súwíìsì tó ga jù lọ.

Nísàlẹ̀, nínú òkùnkùn biribiri, fáànù pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí fùù. Ó gbé ìborí Ìyá Alága, ó fi bò ó lójú.

"Ìyá wa, ẹ kú àtẹ̀gùn," ni akọ̀wé wí.

"Iná ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀, ma."

Bàbá Ètò tẹ èkejì: agogo ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kò dákẹ́ mọ́. Ó tẹ ẹ̀kẹta: ẹ̀rọ ìlọta ń lọ òfìfo nínú ilé ìdáná. Ó tẹ ẹ̀kẹrin: iná tàn yòò nínú ibi ìgbọ́kọ̀sí, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni àfi ológbò kan, ológbò náà sì bọ́ síta pẹ̀lú ìtìjú. Omi táǹkì orí òrùlé, tó ti ń kún láti àárọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀ lójú fèrèsé.

"Òjò ń rọ̀ ni?" ni Ìyá Alága bèèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

"Nígbà tí mo wọlé, ìràwọ̀ wà lójú ọ̀run."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

"Ṣé mo lè rí àga jókòó sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma. Ẹ máa bọ̀ lápá ibí."

Wọ́n rìn díẹ̀. Ọwọ́ Ìyá Alága kan nǹkan tútù. "Ibi ìfọṣọ lo mú mi wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

Láti òkè, ohùn kan sọ̀ kalẹ̀ gba àárín agogo àti ẹ̀rọ ìlọta kọjá: "Ṣé ó tàn?"

"Ó tàn, sà!" ni akọ̀wé dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, gbangba gbàǹgbà, nínú òkùnkùn.

Ìyá Alága dúró. "Kí ló tàn?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà kò rí ohun tó máa gbà fún. "Mi ò mọ̀, ma," ni ó wí pẹ̀lú ohùn kékeré. "Bí a ṣe máa ń wí nìyẹn."

Ìyá Alága yíjú padà láti wá ọ̀nà jáde. Wáyà fáànù kan ló so rọ̀ láti sọ́kẹ́ẹ̀tì òkè, ó gbá a lọ́rùn. Ó fà sẹ́yìn, ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ há sára àpótí tí wọ́n fi ń lọ aṣọ, ó sì ya fàà. Lẹ́yìn náà ló rí i: ìlà ìmọ́lẹ̀ kan tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ ilẹ̀kùn kan lẹ́yìn ilé, ó dúró ṣinṣin, kò lọ, kò bọ̀. Ilẹ̀kùn náà ṣí.

"Ẹ kú ìrìn, ma," ni ìyàwó Bàbá Ètò wí. "Iná wà níbí. Ẹ wọlé, ẹ jẹ́ kí n bá yín fi ọwọ́ kan aṣọ yẹn."

Ìyá Alága wọlé, akọ̀wé tẹ̀ lé e bí òjìji. Aránṣọ gbé àga fún un lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ síbi ìṣẹ́tí aṣọ, ó fi abẹ́rẹ́ sí i. Ìyá Alága wo súwíìsì tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó na ọwọ́, ó tẹ̀ ẹ́. Iná kú. Ó tún un tẹ̀. Iná tàn. Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn délé.

Lókè, Bàbá Ètò ti tẹ súwíìsì tán, ó ti fi ẹsẹ̀ tẹ àwọn tìsàlẹ̀ pàápàá. Ohun gbogbo wá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí nínú ìdàrúdàpọ̀ náà ó ti tún gbogbo wọn tẹ̀ pa. Ìdákẹ́jẹ́ náà bà á lẹ́rù. Ó ṣe tán, bí fóònù bá lè jí, ó lè tún ètò náà ṣe. Ó fi ọwọ́ tọ ògiri sọ̀ kalẹ̀. Kò sí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó níná. Ló bá rí ìmọ́lẹ̀ yàrá kékeré ẹ̀yìn, ó rántí pé òun kò fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò sọ pé òun kò fẹ́ rí i. Ó já wọlé. Ojú rẹ̀ kò lọ sọ́tùn-ún, kò lọ sósì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ fèrèsé nìkan ló rí.

Ó tẹ̀ ba. Ikùn kò gbà. Ó kúnlẹ̀. Okùn fóònù kúrú, nítorí náà ó tún rẹlẹ̀ sí i, títí iwájú orí rẹ̀ fi kan ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò lè tẹríba fún ògiri ṣe wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì kọjú sí ilẹ̀kùn. Fóònù jí. Ó pe akọ̀wé rẹ̀.

Fóònù dún lẹ́yìn rẹ̀. Kò fura.

"Ìwọ akúrí yìí!" ni ó sọ sínú fóònù. "Ibo lo kó ìyá arúgbó yẹn gbà? Mú un jókòó, kí ó má lọ fi orí gbá ògiri kú kí ó tó fi ipò mi lé mi lọ́wọ́!"

"Ọ̀gá," ni ohùn náà wí nínú fóònù, ohùn kan náà sì wí i lẹ́yìn rẹ̀, "ẹ̀yìn yín la wà."

Bàbá Ètò kò yíjú padà. Ibi tó wà yẹn dára jù fún un. Ògiri kò ní ojú.

Ìyàwó rẹ̀ fi eyín já òwú. Ìyá Alága wo ìṣẹ́tí aṣọ, ó dùn mọ́ ọn. Ó dìde.

"Bàbá, ẹ dìde. Ẹ ti kí ògiri tó."

"Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ètò tó wà—"

"Mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ yín. Yàrá yìí nìkan ni mo fẹ́ bèèrè. Ta ló tò ó?"

Aránṣọ ki abẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀wù rẹ̀ láyà.

"Ẹ má bínú, ma. Yàrá yìí kò sí nínú ètò."

"Ìyẹn ló jẹ́ kí ó tàn," ni Ìyá Alága wí, ó sì lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Ẹlòmíràn ló gba ipò Alákòóso Pátápátá, ẹnì kan tí kò tilẹ̀ ní ìnagijẹ. Wọn kò lé Bàbá Ètò lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó burú ju ìyẹn lọ ni wọ́n ṣe fún un: wọ́n ní kí ó máa jáde lọ yẹ ilé tuntun wò fúnra rẹ̀, láti ilé dé ilé, kí ó máa tẹríba wo sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ń bá ọ̀gá tuntun ṣiṣẹ́. Ọ̀gá yẹn máa ń bi í pé, "Kí ni ìwọ rò?" Ìbéèrè yìí ti jẹ́ kí ó rù.

Nílé, Oníwáyà àti Bíríkìlà ti padà dé pẹ̀lú òòlù, wọ́n ń la ògiri káàkiri láti wá ìfun màlúù tí wọ́n bò mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ náà kò yá. Títí wọn yóò fi ṣe é tán, yàrá kékeré ẹ̀yìn ni gbogbo ilé ń gbé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, láàárín àgékù aṣọ àti fóònù tó wà lẹ́nu iná.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá Ètò ti ibi iṣẹ́ dé, eruku ilé onílé wà lórúnkún ṣòkòtò rẹ̀ méjèèjì. Ìyàwó rẹ̀ ń wá ojú abẹ́rẹ́ lẹ́bàá fèrèsé.

"Bàálé mi, ẹ kú àbọ̀. Ẹ bá mi tan iná yẹn."

Ó na ọwọ́ sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó tẹ súwíìsì náà. Ó wá gbójú sókè, ó sì gbé ohùn sókè bó ṣe mọ́ ọn lára.

"Ṣé ó tàn?"

Ìyàwó rẹ̀ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ó tẹríba fún máṣíìnì rẹ̀.

"Ẹ fi ojú yín wò ó."